Ohun tí Ó Ń Mú Nọ́ọ̀tì Dúró Lára Ọkọ̀

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ fi ìjókòó yín bu iyì fún àpéjọ yìí, ẹ̀yin ọ̀gá alágbẹ̀dẹ tí Ògún Lákáayé fi owú àti ẹmú lé lọ́wọ́, ẹ̀yin mẹkáníkì, ẹ̀yin wẹ́dà, ẹ̀yin awakọ̀, ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ń fi ẹ̀rọ lọ ata tí ẹ sì ń fi ẹ̀rọ rẹ́ gbáàgúdá, àti ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́ tí ẹ fẹ̀yìn ti ògiri nítorí pé àga kò kárí, mo kí yín o. Mo kí Ọ̀yọ́ ilé Aláàfin, ìlú tí gbogbo ayé ń jí ṣe bí i tirẹ̀ tí òun kì í jí ṣe bí i ti ẹnikẹ́ni. Mo kí Ògbómọ̀ṣọ́ Ajílété, ìlú Ṣọ̀ún, tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń gbé òwò lọ sí ibi tí ojú kò tó tí wọn kò sì gbàgbé ọ̀nà ilé. Àwọn tí wọ́n pè mí ti yan orí ọ̀rọ̀ fún mi: wọ́n ní kí n wá sọ ohun tí a lè ṣe tí nọ́ọ̀tì àti bóòtù kò fi ní máa tú lára ọkọ̀ ojú omi.

Mo gbọ́ pé nígbà tí orí ọ̀rọ̀ yìí kọ́kọ́ dé etí ìlú, àwọn kan rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí ló kan ará Ọ̀yọ́ tí kò gbé etí ọ̀sà, tí kò sì bá òkun pààlà, nínú ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú omi. Èmi kò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá rántí pé àwọn aya tí ìtàn mọ̀ mọ́ Ṣàngó, ọba Kòso, odò ni wọ́n, pé Ọya ni omi ńlá tí ó la àárín ilẹ̀ wa àti ilẹ̀ Nupe kọjá, pé Ọ̀ṣun ni ó ń ṣàn gba Òṣogbo lọ, pé Ọbà sì ni odò tí a sé ní ẹ̀bá Ògbómọ̀ṣọ́ kí omi ẹ̀rọ lè dé inú ìlú, yóò gbà pé àna omi ni wá láti ìṣẹ̀dálẹ̀. Odò Ògùn pàápàá, tí àwọn ará Abẹ́òkúta fi ń ṣe fáàrí, apá ẹ̀bá Ṣakí ni orísun rẹ̀ wà, ilẹ̀ Ọ̀yọ́ ni ó sì kọ́kọ́ bomi rin kí ó tó sọ̀kalẹ̀ lọ bá ọ̀sà Èkó.

Kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ òrìṣà nìkan. Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹwàá ọdún 1857, ọkọ̀ elééfín kan tí a ń pè ní Dayspring, èyí tí Dókítà Baikie jẹ́ olórí ìrìn àjò rẹ̀, tí Samuel Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn nílẹ̀ Ọ̀yọ́, sì wà nínú àwọn tí ó bá a rìn, forí sọ àpáta nínú odò Ọya nítòsí Jẹ́bà, ó sì fọ́. Glover, tí ó padà wá di gómìnà Èkó, wà lára àwọn tí omi gbé jù sí etí odò náà, òun ni ó sì gba orí ilẹ̀ Yorùbá sọ̀kalẹ̀ wá sí Èkó láti wá ìrànlọ́wọ́ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin dé Jẹ́bà ní ọdún 1909, kò tí ì sí afárá níbẹ̀. Orí ọkọ̀ ojú omi ni a ti ń gbé ọkọ̀ ojú irin sọdá títí a fi parí afárá ní ọdún 1916. Ojú irin yìí gba Òṣogbo àti Ọ̀fà lọ, ó fi Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ sílẹ̀, ohun tí ó sì fà á tí àwọn bàbá wa fi gbára lé lọ́rì nìyẹn; àwọn tí wọ́n ṣòwò dé Tamale nínú wọn mọ ohun tí à ń pè ní sísọdá odò Volta ní Yeji, níbi tí lọ́rì àti ẹrù àti èrò ti jọ ń gun orí ọkọ̀ ojú omi kan náà, kí òfin tí ìjọba Busia ní Ghana ṣe ní ọdún 1969 tó dá ọ̀pọ̀ wọn padà sílé. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé ará òkè kò ní ohun tí í ṣe lórí omi.

Ìdí kejì tí mo fi gba iṣẹ́ yìí ni pé nọ́ọ̀tì tí ó wà lára ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ní Ẹ̀pẹ́ àti Ìkòròdú, ọmọ ìyá kan náà ni òun àti nọ́ọ̀tì tí ó wà lára ẹ̀rọ ìlọta ní ọjà Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́. Ohun tí ó ń tú ọ̀kan ni ó ń tú èkejì. Omi kàn ń mú ìyà àìbìkítà yá kánkán ni. Bí nọ́ọ̀tì bá bọ́ lára ẹ̀rọ ìlọta, ata kò kúnná, a ó ránṣẹ́ pe mẹkáníkì. Bí ọkọ̀ ilẹ̀ bá dákú lójú ọ̀nà, èrò á sọ̀kalẹ̀, wọn á máa ṣépè fún awakọ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ́ńjìnnì bá yẹ̀ kúrò nídìí ọkọ̀ ní àárín ọ̀sà, tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́, tí alẹ́ sì ń lẹ́, ta ni yóò sọ̀kalẹ̀, ibo ni yóò sì fi ẹsẹ̀ tẹ̀? Abẹ́rẹ́ tí a rí yìí, bí ó ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí bóòtù jẹ́. Téréèdì tí ó yí i ká kì í ṣe ohun mìíràn bí kò ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan tí a wé mọ́ ara irin, tí nọ́ọ̀tì ń gùn lọ sókè bí a ti ń yí i. Láyé àtijọ́, alágbẹ̀dẹ kọ̀ọ̀kan ni ó ń gé téréèdì tirẹ̀ bí ó ti wù ú, tí ó fi jẹ́ pé nọ́ọ̀tì tí a rọ fún bóòtù kan kì í wọ òmíràn, àfi ìgbà tí Joseph Whitworth, ará Gẹ̀ẹ́sì, dábàá ní ọdún 1841 pé kí gbogbo ilé iṣẹ́ máa lo ìwọ̀n kan, tí igun téréèdì rẹ̀ jẹ́ dígírì 55. Téréèdì onímílímítà tí ó wọ́pọ̀ lónìí jẹ́ dígírì 60. Ọ̀rọ̀ yìí kan wa ju bí a ti rò lọ, nítorí pé nínú agolo bóòtù tòkunbọ̀ tí à ń rà lọ́jà, oní-íǹṣì àti onímílímítà wà pọ̀. Ọmọ iṣẹ́ tí ojú ń kán á sì mú nọ́ọ̀tì irú kan, á fi sípánà tì í tipátipá mọ́ bóòtù irú kejì. Yóò wọ̀ lóòótọ́, yóò tilẹ̀ le bí ẹni pé kò ní tú láyé, ṣùgbọ́n téréèdì ti jẹ ara wọn run nínú lọ́hùn-ún, kò sí ohun tí ó mú un mọ́.

Wàyí o, kí ni ó ń mú nọ́ọ̀tì tí ó wọ̀ dáadáa dúró? Bí a bá bi ọ̀pọ̀ oníṣẹ́, wọn yóò ní líle rẹ̀ ni, tàbí wáṣà tí ó wà lábẹ́ rẹ̀. Ìdáhùn náà kò jìn sí òtítọ́, kò sì dé ibẹ̀. Nígbà tí a bá ń fún nọ́ọ̀tì, ohun tí à ń ṣe ní ti gidi ni pé à ń na bóòtù. Irin ni í ṣe lóòótọ́, ṣùgbọ́n irin a máa nà, á sì máa fẹ́ padà sí bí ó ti wà tẹ́lẹ̀, ìfẹ́ àtipadà rẹ̀ yìí ni ó ń fún ohun méjì tí a so pọ̀ mọ́ ara wọn, tí ó sì ń mú kí téréèdì nọ́ọ̀tì fi gbogbo ara rọ̀ mọ́ téréèdì bóòtù. Ìlú onílù ni mo ti ń sọ̀rọ̀, nítorí náà mo lè sọ ọ́ báyìí kí ó yé yín: bóòtù ni ọṣán dùndún, bí ọṣán kò bá fà, ìlù wà, awọ wà, ọ̀pá ìlù wà lọ́wọ́, kò sí ohùn. Bóòtù tí kò nà, orúkọ ni ó ń jẹ́, kò de ohunkóhun.

Ṣùgbọ́n nínà yìí kéré jọjọ, ibẹ̀ ni ìṣòro gbé wà. Bóòtù onímílímítà 10, èyí tí a ń fi sípánà 17 yí, tí irin rẹ̀ lágbára, tí ó sì so ohun tí ó nípọn tó mílímítà 50 pọ̀, bí a bá fún un dé ibi tí ó yẹ, gbogbo nínà rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú ìdá mẹ́wàá mílímítà kan. Ẹ fi ọkàn yàwòrán rẹ̀: ọ̀dà tí a kùn nípọn sábẹ́ nọ́ọ̀tì lè tó bẹ́ẹ̀, ìpẹtà tí ó wà láàárín irin méjì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ, eruku pákó tí a kò nù kúrò, wáṣà méjì mẹ́ta tí a tò léra nítorí pé bóòtù gùn jù, gbogbo wọn ni yóò tẹ̀ tí wọn yóò sì joro bí iṣẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀, tí bóòtù yóò sì gba gbogbo nínà rẹ̀ padà láìjẹ́ pé nọ́ọ̀tì yí rárá. Ẹni tí ó bá wò ó yóò ní kò tú. Bẹ́ẹ̀ ni, kò tí ì tú. Ó ti dẹ̀ ni, èyí tí ó dẹ̀ ni yóò sì tú. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà.

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un, nítorí àwọn tí wọ́n gbà pé apá líle tó iṣẹ́. Nínú gbogbo agbára tí a ń lò lórí sípánà, bí a bá pín in sí ọ̀nà ọgọ́rùn-ún, nǹkan bí àádọ́ta ni ó ń tán sí abẹ́ nọ́ọ̀tì níbi tí irin ti ń ha irin, nǹkan bí ogójì ń tán sínú téréèdì, ìyókù tí kò ju mẹ́wàá lọ ni ó ń na bóòtù. Èyí fi hàn pé bóòtù tí téréèdì rẹ̀ ti dípẹtà lè jẹ gbogbo agbára ọkùnrin alágbára kan kí ó má sì nà rárá, nígbà tí èyí tí a fi òróró pa, bí a bá fi agbára kan náà mú un, lè nà kọjá ààlà kí ó sì já. Nítorí náà ni àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ṣe ń lo sípánà tí ó ń wọn agbára, tí ìwé ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan sì ń sọ iye tí a gbọ́dọ̀ fún nọ́ọ̀tì rẹ̀ àti bóyá gbígbẹ ni a ó fún un tàbí pẹ̀lú òróró. Kì í ṣe àṣejù àwọn òyìnbó.

Fún ìgbà pípẹ́, àwọn ènìyàn rò pé gbígbọ̀n ẹ̀rọ sókè sódò ni ó ń tú nọ́ọ̀tì. Ní ọdún 1969 ni Gerhard Junker, ará Jámánì kan, fi ẹ̀rọ tí ó ṣe fún ìdánwò hàn pé èyí tí ó burú jù ni yíyọ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Nígbà tí irin méjì tí bóòtù so pọ̀ bá ń yọ̀ lórí ara wọn sọ́tùn-ún sósì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú kò lè rí i, ìdìmú tí ó wà láàárín téréèdì àti téréèdì a bá ti ẹ̀gbẹ́ lọ, a gbàgbé iṣẹ́ tí ó ń ṣe, nọ́ọ̀tì tí ó ti jókòó sórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ rẹ̀ láti ọjọ́ yìí á sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ sọ̀kalẹ̀ fúnra rẹ̀, láìsí ẹni tí ó fọwọ́ kàn án. Ohun tí Junker rí yìí ni ó yẹ kí ó yí ọwọ́ iṣẹ́ wa padà: bí àwọn ohun tí a so pọ̀ kò bá yọ̀, nọ́ọ̀tì kò ní tú, bí wọ́n bá ń yọ̀, ohun yòówù kí a fi tì í, à ń ra àkókò ni.

Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ẹni tí ó ń de ẹ́ńjìnnì mọ́ ìdí ọkọ̀, tàbí tí ó ń de irin ìsokùn mọ́ etí ọkọ̀, kí ó rí i pé ihò tí ó lu kò fẹ̀ ju bóòtù lọ. Kí ó tẹ́ irin pẹlẹbẹ tí ó gbòòrò sí abẹ́ pákó, kí agbára má baà kó jọ sí ojú kan. Bí bóòtù méjì bá tó, kí ó fi mẹ́rin. Bí ó bá sì lè yan láàárín bóòtù ṣókí tí ó nípọn àti èyí tí ó gùn tí ó sì tínrín, kí ó yan èyí tí ó gùn, nítorí pé èyí tí ó gùn ni ó ń nà jù, èyí tí ó sì nà jù ni ó lè pàdánù díẹ̀ kí ó má sì dẹ̀. Àwọn ẹ́ńjìnnì kékeré tí a ń gbé kọ́ ìdí ọkọ̀, sukúrù ńlá méjì tí a ń fi ọwọ́ yí ni ó sábà ń dì wọ́n mú. Mo rí ọkọ̀ púpọ̀ tí ó jẹ́ pé sukúrù méjì yìí nìkan ni ó ń gbé ohun olówó iyebíye náà. Kí a lu bóòtù gba inú pákó kọjá, kí a sì fi ẹ̀wọ̀n tàbí okùn so ẹ́ńjìnnì mọ́ ara ọkọ̀, kò ná wa ní nǹkan kan.

Igi tún ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀, àwa ará òkè ni ó sì yẹ kí a mọ̀ ọ́n jù, nítorí pé ọyẹ́ tiwa kì í ṣe ti ará Èkó. Pákó ìrókò tí ó mu omi yó ní ìgbà òjò, tí a fún bóòtù mọ́ lára nígbà tí ó wú, yóò gbẹ nígbà tí ọyẹ́ bá dé, yóò súnkì, bóòtù yóò sì dúró gbọọrọ nínú ihò rẹ̀ láìdi ohunkóhun mú. Bí a bá sì fún un nígbà ọyẹ́, tí pákó wá wú nígbà òjò, wáṣà kékeré yóò rì wọ inú igi. Kò sí oògùn fún èyí ju pé kí wáṣà gbòòrò, kí a sì fọwọ́ kàn án ní ìparí ìgbà kọ̀ọ̀kan. Ohun tí mo sọ yìí kan ìjókòó èrò nínú ọkọ̀ akérò onípákó, ó kan ilẹ̀kùn, ó kan òpó ẹ̀rọ ìlọta tí a gbé ka orí ìtì igi.

Mo dé orí wáṣà onísípíríńgì báyìí, mo sì mọ̀ pé n óò ṣẹ àwọn kan. Wáṣà tí a là lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan yìí, tí gbogbo wa dàgbà bá, kò ní agbára tí a rò pé ó ní. Nígbà tí a bá fún nọ́ọ̀tì dé ibi tí ó yẹ, wáṣà náà á tẹ́ pẹrẹsẹ, kò sì yàtọ̀ sí wáṣà lásán mọ́. Ìgbà tí nọ́ọ̀tì bá ti dẹ̀ pátápátá ni yóò tó gbìyànjú láti dìde, nígbà tí ẹ̀pa kò bóró mọ́. Nínú irú ìdánwò tí Junker ṣe, kò dá nọ́ọ̀tì dúró. Èmi kò ní kí ẹ kó o dànù. Mo ní kí ẹ má fi ẹ̀mí èrò lé e lọ́wọ́.

Nọ́ọ̀tì méjì lórí bóòtù kan ṣiṣẹ́ jù ú lọ, bí a bá mọ̀ ọ́n ṣe, àwọn tí kò sì mọ̀ ọ́n ṣe ni ó pọ̀ jù. Ìṣe wa ni pé kí á fi nọ́ọ̀tì tí ó nípọn sísàlẹ̀, kí á wá fi èyí tí ó tẹ́ẹ́rẹ́ tì í lókè. Òdìkejì ni ó tọ́: èyí tí ó tẹ́ẹ́rẹ́ ni kí ó kọ́kọ́ wọlé, kí a fún un díẹ̀, kí a wá fi èyí tí ó nípọn lé e, kí sípánà kan di ti ìsàlẹ̀ mú gírígírí nígbà tí sípánà kejì bá ń fún ti òkè tagbára-tagbára, nítorí pé ti òkè ni yóò gbé ẹrù nígbẹ̀yìn. Bí ẹ bá ń rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni, ẹ gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Potters Bar, ní àríwá Lọ́ńdọ̀nù, ní ọjọ́ 10 oṣù karùn-ún ọdún 2002. Ọkọ̀ ojú irin akérò kan ń sáré bọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù. Ibi tí ojú irin ti ń yà sí méjì ni ó dé tí irin fi yẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, tí ọkọ̀ ìkẹyìn sì fò sórí pèpéle ìdúró èrò. Ènìyàn 7 ni ó kú. Nígbà tí a wádìí, a rí i pé àwọn nọ́ọ̀tì tí ó yẹ kí ó de ọ̀pá tí ó di irin méjèèjì mú ti tú, àwọn kan kò tilẹ̀ sí níbẹ̀ mọ́. Orílẹ̀-èdè tí ó bí Whitworth ni èyí ti ṣẹlẹ̀ o, kì í ṣe ibi tí kò ní sípánà.

Nọ́ọ̀tì tí ó ní rọ́bà náílọ́ọ̀nù lọ́rùn dára fún ọkọ̀ ojú omi, bí téréèdì bóòtù bá ti yọ kọjá náílọ́ọ̀nù náà. Kí a má fi í sí ẹ̀gbẹ́ sàléńsà tàbí ibikíbi tí ó gbóná tó dígírì 120 Sẹ́lísíọ́ọ̀sì, kí a má sì máa tú u kí a tún máa lò ó léraléra; bí ọwọ́ lásán bá ti lè yí i lọ geere, iṣẹ́ rẹ̀ ti tán. Fún àjẹ̀ ẹ́ńjìnnì tí ń yí nínú omi, nọ́ọ̀tì tí a fa ojú pàlàpálá sí lórí ni ó dára jù, èyí tí a ń fi pínnì oníbejì kọjá nínú rẹ̀ tí a sì ń ká ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sẹ́yìn. Pínnì tuntun ni kí a lò nígbà gbogbo. Ìṣó tí a ká, tàbí wáyà tí a fà yọ lára ọgbà, kì í ṣe pínnì. Omi yóò jẹ ẹ́ láàárín oṣù mélòó kan, àjẹ̀ yóò sì lọ sísàlẹ̀ ọ̀sà. Irin tí a fi so ẹ̀wọ̀n ìdákọ̀ró, tí ó ní sukúrù lẹ́gbẹ̀ẹ́, wáyà ni kí a fi la ihò orí rẹ̀ kọjá, kí a fà á sí ọ̀nà tí sukúrù fi ń le, kì í ṣe sí ọ̀nà tí ó fi ń tú. Ẹni tí ó bá dè é sódì ti bá a tú u.

Oògùn olómi kan wà tí ó ń lẹ téréèdì pọ̀. Vernon Krieble, ọ̀jọ̀gbọ́n ìmọ̀ kẹ́mísírì ní Trinity College ní Hartford ní Amẹ́ríkà, ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 1953, Loctite ni a sì ń pè é. Ọgbọ́n inú rẹ̀ ni pé bí afẹ́fẹ́ bá wà, omi ni yóò máa jẹ́. Bí ó bá dé àárín irin àti irin níbi tí afẹ́fẹ́ kò sí, yóò dì gbagidi. Aláwọ̀ búlúù ni èyí tí sípánà lè tú. Aláwọ̀ pupa, iná ni ó ń gbà. Kò níí ṣiṣẹ́ lórí téréèdì tí gírísì wà lára rẹ̀, ó sì ń pẹ́ kí ó tó dì lórí irin tí kì í dípẹtà.

Irin tí kì í dípẹtà yìí, tí a ń pè ní sitéènìlẹ́ẹ̀sì, ó dára lójú omi, ṣùgbọ́n ó ní àléébù tirẹ̀. Bí a bá fi ìkánjú yí nọ́ọ̀tì rẹ̀ gbígbẹ, téréèdì méjèèjì á lẹ̀ mọ́ra wọn lójijì, kò ní lọ síwájú, kò ní padà sẹ́yìn, ayùn irin ni yóò yanjú rẹ̀. Nítorí náà kí a fi gírísì pa á, kí a sì fi sùúrù yí i. Bí a bá sì fi í mọ́ ara alumíníọ̀mù nínú omi iyọ̀, alumíníọ̀mù ni yóò máa jẹ títí ihò yóò fi fẹ̀. Idẹ lásán tí a pò pẹ̀lú sínkì kò yẹ lábẹ́ omi iyọ̀, nítorí pé omi á fa sínkì inú rẹ̀ jáde, á ku ohun pupa tí kò lágbára. Ní ti àwọn tí wọ́n ń fi iná wẹ́dà lẹ nọ́ọ̀tì mọ́ bóòtù kí ó má baà tú mọ́, mo bẹ̀ yín, ẹ jáwọ́: iná ti ba líle irin jẹ́, ó ti jó sínkì tí ń dáàbò bò ó, ọjọ́ tí a bá sì nílò láti tú u, ẹ̀rọ odindi ni a ó gé.

Ọ̀rọ̀ yíyí sọ́tùn-ún àti sósì kò gùn. Ẹ wo kẹ̀kẹ́ ológeere: ìtẹ̀sẹ̀ òsì rẹ̀, ọwọ́ òsì ni a ń yí i sí kí ó tó le, nítorí pé bí ó bá jẹ́ ti ọ̀tún, ìrìn ẹsẹ̀ fúnra rẹ̀ ni yóò máa tú u. Ọ̀pọ̀ lọ́rì Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ni a ṣe bẹ́ẹ̀, tí nọ́ọ̀tì wíìlì òsì wọn jẹ́ òdì, kò sì yí padà nígbà tí Nàìjíríà kúrò ní ọwọ́ òsì bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún ní ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972, nítorí pé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ni ó kàn, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Mo fẹ́ràn ọgbọ́n yìí, ṣùgbọ́n ìdè tí ó nà dáadáa kò nílò rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ìsinsìnyí ti pa á tì.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ohun tí a lè bẹ̀rẹ̀ lọ́la. Bí ẹ bá de wíìlì tuntun ní Ọ̀yọ́, láti ibẹ̀ dé Ògbómọ̀ṣọ́ jẹ́ nǹkan bí kìlómítà 52, ìwọ̀n tí ó tó fún ọ̀dà àti ìpẹtà láti joro nìyẹn. Kí awakọ̀ dúró, kí ó tún fi sípánà kan nọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan kí ó tó tẹ̀ síwájú. Kí ẹni tí ó ń tukọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ìrìn àjò àkọ́kọ́ tí ó bá ṣe tẹ̀lé àtúnṣe, kí ìyá tí ó ni ẹ̀rọ ìlọta sì jẹ́ kí mẹkáníkì padà wá lẹ́yìn ọjọ́ ọjà kan. Nígbà tí nọ́ọ̀tì bá sì le bí ó ti yẹ, kí a fi ọ̀dà funfun fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan láti ara nọ́ọ̀tì dé ara irin tí ó jókòó lé. Bóòtù onímílímítà 10 tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, bí nọ́ọ̀tì rẹ̀ bá yí sẹ́yìn ní ìdá kan péré nínú ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yíyí kan, gbogbo nínà rẹ̀ ti tán. Ojú lásán kò lè mọ èyí, ṣùgbọ́n ìlà tí ó yà kúrò lójú ara rẹ̀ yóò sọ ọ́ fún ọmọ ọdún mẹ́wàá.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí ẹ̀yin olórí ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ ní ìlú méjèèjì ni pé kí ẹ dá owó jọ, kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ra sípánà tí ń wọn agbára ẹyọ kan, kí ó wà ní ọwọ́ akápò fún ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ yá a. Yunifásítì Ladoke Akintola ti wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ láti ọdún 1990, wọ́n ní ẹ̀ka tí ó ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ níbẹ̀. Kí ẹ kọ̀wé sí wọn, kí wọ́n máa bá yín yẹ sípánà náà wò lọ́dọọdún bóyá ìwọ̀n rẹ̀ ṣì tọ́. Kí ẹ má sì fún ọmọ iṣẹ́ kankan ní òmìnira títí yóò fi lè de nọ́ọ̀tì méjì sórí bóòtù kan lójú yín, èyí tí ó tẹ́ẹ́rẹ́ nísàlẹ̀, èyí tí ó nípọn lókè.